Omi Nabeelah

Ilé kẹta ni ẹ̀rù ti bà mí. Ní ilé kìíní mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ilé kejì mo tún gbọ́ ọ, mo ní bóyá àwọn méjèèjì ti jọ sọ ọ́ láàárín ara wọn ni. Àmọ́ ìyàwó Abdulwaris kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Opó ni, inú yàrá ló wà. Ó jókòó sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri, ó sì sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí àwọn yẹn ti sọ ọ́.

"Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Mo bu omi fún un, ó wò ó, ó ní kì í ṣe èyí. Ó ní omi Nabeelah ni òun fẹ́."

Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Nabeelah ni ọmọ mi. Ó ti pé ọdún méje tí a ti sin ín.

Ẹ jẹ́ kí n rọra tò ó, torí bí mo bá sáré ó máa dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Kùdírátù ni orúkọ mi, àmọ́ Ìyá Nabeelah ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò Gàmbàrí. Ìwé mi kò lọ jìnnà, kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti kúrò. Fìlà ni mo ń ran. Bí obìnrin bá sì kú ní agboolé wa, tàbí ní àwọn tó yí wa ká, èmi ni wọ́n ń wá pè kí n wá wẹ̀ ẹ́. Torí náà kò sí yàrá tí mi ò tíì wọ̀.

Ìdí nìyẹn tí Dókítà fi wá mi kàn. Christiana Láníyọnu ni orúkọ rẹ̀, ará Iléṣà tí wọ́n bí sí Ìlọrin níbí. Dókítà ni, àmọ́ kì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wá ibi tí àìsàn ti ń jáde. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ á lọ láti ilé dé ilé, wọ́n á béèrè ohun tí olóògbé jẹ, ohun tó mu, ibi tó lọ, ọjọ́ tí inú kọ́kọ́ run ún. Wọ́n á kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé, wọ́n á gbé e lé orí àwòrán àdúgbò, wọ́n á sì máa wò ó títí wọn á fi rí i.

"Mo ti ṣe ti ọsibítù rí," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní. "Mo jókòó sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n á gbé wọn wá, màá tọ́jú wọn, wọ́n á lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á tún gbé àbúrò wọn wá. Mo wá ní kí n bá wọn délé, kí n wo ohun tó ń lé wọn bọ̀."

Onígbáméjì ti wọ àdúgbò wa nínú òjò nígbà náà. Ènìyàn mẹ́ta ti lọ.

"Ìyá Nabeelah, àwọn obìnrin yín kì í dá mi lóhùn," ni Dókítà wí. "Bàtà mi ni wọ́n ń wò."

Mo ní, "Wọ́n ń wò ó torí pé ẹ kì í bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa béèrè. Ó ní kí n má ṣe fi ìdáhùn sí ẹni tí mo ń bi lẹ́nu, kí n kọ ohun tí wọ́n bá sọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kódà kó jẹ́ ohun tí kò yé mi. Ó fún mi ní báàgì àti ìwé.

Jímọ́ọ̀, bíríkìlà agboolé wa, rí mi bí mo ṣe gbé báàgì kọ́ èjìká, ló bá pariwo. "Ẹ wá wo Ìyá Nabeelah! Wọ́n ti di ọlọ́pàá òkú! Màámá, ẹ má kọ orúkọ tèmi síbẹ̀ o, ilé tí mo ń mọ lọ́wọ́ kò tíì kan òrùlé."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ gbọ́ tìẹ? Ẹni tó ní làákàyè láyé ni à ń béèrè nípa rẹ̀."

A jọ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ ni òkú àkọ́kọ́.

Ó kù kí n sọ ti kànga. Nígbà tí Nabeelah fẹ́ bímọ, ọmọ kò jáde. Wọ́n ní wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí a má ṣe fún un lómi. Ó ń bẹ̀ mí. "Màámá, ẹ jọ̀ọ́, kí n kàn fi ra ètè ni." Mo ní kó ní sùúrù. Wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n gbé ọmọ jáde fún mi, òun kò jáde láàyè. Màsúdát ni ọmọ náà, ọ̀dọ̀ mi ló wà, ó ti pé ọmọ ọdún méje. Kò sí ẹni tó ṣe ohun tí kò yẹ, wọ́n ṣàlàyé fún mi. Àmọ́ òùngbẹ ló bá ọmọ mi dé sàárè, èmi ni mo sì fi omi dù ú.

Alífáà ní sàráà omi ni kí n ṣe fún un. Ó ní gbogbo ẹni tó bá fa omi náà, tó bá mu ún, tó bá fi ṣe àlùwàlá, láádá rẹ̀ á máa bá Nabeelah níbi tó wà. Mo ta góòlù etí mi. A gbẹ́ kànga sí iwájú ilé mi, láàárín agboolé. Jímọ́ọ̀ ló mọ ẹnu rẹ̀, ó fi irin kọ orúkọ ọmọ mi sára sìmẹ́ńtì nígbà tó ṣì tutù. Ó wá di àṣà wa pé ẹni tó bá fa omi, kó tó gbé korobá, á ní, "Ọlọ́run kẹ́ Nabeelah." Mo ń gbọ́ ọ láti àsùbáà. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ni màá wà, màá máa gbọ́ ọ, Ọlọ́run kẹ́ Nabeelah, Ọlọ́run kẹ́ Nabeelah. Ó ń ṣe mí bíi pé gbogbo wọn ló ń bá mi fún un lómi.

Omi Nabeelah, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn.

Nítorí náà, nínú yàrá ìyàwó Abdulwaris, mo wo ìbéèrè tó wà lórí ìwé. Omi wo ni olóògbé mu ní ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn? Kànga, ẹ̀rọ, píọ́wọ́tà, omi mìíràn. Mo wo ẹ̀yìn obìnrin náà. Kò yíjú padà. Mo fa ìlà sí ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo délé, mo yọ ìwé méjì àkọ́kọ́ jáde, mo tún tiwọn náà kọ.

Ẹ má bi mí ìdí rẹ̀ kíákíá. Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á kà á. Bí wọ́n bá kà á, wọ́n á ní ọmọ Kùdírátù ló ń pe ènìyàn. Kò ní sí ẹni tí yóò sọ Ọlọ́run kẹ́ mọ́. Ohun tó sì burú jù ni pé èmi fúnra mi ti ń rò ó. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ lọ. Gbogbo àwọn tó ń kú ń béèrè omi rẹ̀. Mo ń rò ó pé bóyá ó ti mu omi náà fún ọdún méje, kò sì tó o, bóyá ó wá ń wá ẹni tí yóò máa gbé e fún un lọ́hùn-ún.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àílà, agboolé dákẹ́. Àwọn ọkùnrin wà ní mọ́sálásí, àwọn obìnrin ti lọ sí ọjà Ìpàtà, oòrùn wà láàárín orí. Mo ń ran fìlà. Mo gbọ́ wíìlì kànga. Kéé. Ó dúró. Kéé. Bó ṣe ń dún nígbà tí ènìyàn bá ń fa okùn díẹ̀díẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò lágbára. Mo ń dúró kí n gbọ́ Ọlọ́run kẹ́. Mi ò gbọ́ ọ. Mo jáde.

Kò sí ẹnì kankan. Okùn ń mì. Rọ́bà ìfami wà lórí sìmẹ́ńtì, omi ṣì ń kán lára rẹ̀, ilẹ̀ tó yí i ká sì gbẹ, kò sí ẹsẹ̀ tútù kankan tó kúrò níbẹ̀.

Mo padà wọlé. Mo rán Màsúdát kó lọ ra píọ́wọ́tà wá.

"Màámá, a ní omi," ó wí.

"Lọ rà á. Ikọ́ ń ṣe ọ́."

"Ikọ́ kò ṣe mí."

"Mo ní kí o lọ rà á, kí o má sì mu ti kànga mọ́ títí màá fi sọ fún ọ."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń mu píọ́wọ́tà. Mo ń kó ọ̀rá rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ẹ wò ó dáadáa. Mo fi bírò kọ ọ́ pé omi kànga kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo sì fi ọwọ́ kan náà gba omi kànga lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi. Àwọn yòókù ní agboolé ń fà á, wọ́n ń mu ún, mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, mo ń ṣe àmín sí àdúà wọn.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìyá Abdulmumini kú, tó ń gbé ní ọwọ́ òsì ilé mi. Wọ́n pè mí. Láti ìgbà tí kànga ti wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ti ń wẹ òkú gbogbo agboolé wa, torí omi sàráà ni, a gbà pé ó dára fún ẹni tó ń lọ, ó sì dára fún Nabeelah. A ó ta ẹní yíká. Ihò kan wà lẹ́yìn kànga níbẹ̀, Jímọ́ọ̀ ló gbẹ́ ẹ, kò ju orúnkún lọ. Inú rẹ̀ ni omi ìwẹ̀ òkú ń ṣàn sí, kó má baà kálẹ̀ kí àwọn ọmọdé tẹ̀ ẹ́.

Mo ń wẹ ìyá Abdulmumini, mo ń ṣe jẹ́jẹ́. Ara rẹ̀ ti fún pọ̀, ojú rẹ̀ ti wọlé lọ. Omi ń lọ sínú ihò. Mo ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ihò náà kì í kún. Bí mo ṣe ń dà á ló ń lọ, bíi pé ẹnu kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń gbé e mì. Mo dá ọwọ́ dúró. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, mo gbọ́ ìró kan láti inú kànga. Tó. Tó. Tó. Omi ń kán sórí omi. Òjò kò sì rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ní nínú ara mi pé ilẹ̀ pàápàá ni òùngbẹ ń gbẹ. Mo fi likafánì wé obìnrin náà, mo kúrò níbẹ̀.

Wọ́n pé méje. Mo lọ sí ilé méjèèje. Ìbéèrè kan náà, ìdáhùn kan náà. Omi Nabeelah. Mo kọ ẹ̀rọ fún mẹ́rin, mo kọ píọ́wọ́tà fún méjì, mo kọ kànga agboolé ẹ̀yìn wa fún ẹnì kan, kí ó má baà jọra jù. Wéréwéré ni mo ń kọ ọ́ nígbà yẹn. Ìyẹn náà ń bà mí lẹ́rù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Dókítà pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Akínwálé wà níbẹ̀, ọkùnrin tó ń ya àwòrán àdúgbò sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Màámá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Mo wò ó. Gàmbàrí ni, bíi pé ẹyẹ ló ń wò ó láti òkè. Òrùlé, òrùlé, mọ́sálásí, ọ̀nà. Ó ti fi àmì pupa sí ibi tí ẹni tó kú ń gbé, ó fi àmì òféèfèé sí ibi tí ẹni tó ṣàìsàn tí kò kú wà. Àwọn àmì náà yí po. Wọ́n ṣe òbìrí. Láàárín wọn, ibi kan ṣófo, ó rí roboto, kò sí àmì kankan nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹnu kànga téèyàn bá dúró lórí rẹ̀ tó ń wo ìsàlẹ̀.

"Ta ló ń gbé ibí?" ni Dókítà bi mí. Ó fi ìka sí àárín.

Mo ní, "Èmi ni."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ilé mi."

"Kí ló tún wà níbẹ̀, Ìyá Nabeelah?"

Mo ní, "Kànga."

Akínwálé ní, "Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ènìyàn méje tí kànga wà níwájú ilé wọn, kò sí ẹni tó mu níbẹ̀ nínú wọn. Wọ́n ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń lọ wá ẹ̀rọ tí kì í yọ omi." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó kàn sọ ọ́ bó ṣe rí i.

Dókítà fa ìwé kan jáde tó kọ ọjọ́ sí. Ó ní, "Ẹ wo èyí náà. Ìyá ìyàwó Jímọ́ọ̀ kú ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́bọ̀, ènìyàn mẹ́rin dùbúlẹ̀. Abdulwaris kú. Ọjọ́ kẹta, márùn-ún dùbúlẹ̀. Ìyá Abdulmumini kú. Ọjọ́ kẹta. Bí ẹnì kan bá kú, ẹ óò kà á dé mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ni ẹ máa ń ṣe ní ọjọ́ tí ènìyàn bá kú?"

"A ń wẹ̀ ẹ́. A ń sin ín."

"Níbo ni ẹ ti ń wẹ̀ ẹ́?"

Mo ń gbọ́ tó, tó, tó.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé yín."

Màsúdát ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ kí Dókítà, ó sáré wọlé, ó gbé píọ́wọ́tà tútù wá fún un bí mo ṣe kọ́ ọ pé ká máa ṣe àlejò.

Dókítà gbà á. Ó wo ọ̀rá náà, ó wo kànga, ó tún wo ọ̀rá. "Ẹ ní kànga, ẹ ń ra píọ́wọ́tà?"

Màsúdát ní, "Èmi nìkan ni. Màámá ní kí n má mu ti kànga. Wọ́n ní ikọ́ ń ṣe mí, ikọ́ ò sì ṣe mí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ mọ̀," ni Dókítà wí.

"Mi ò mọ̀ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Ọmọ mi."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Òùngbẹ Nabeelah. Ohun tí ìyàwó Abdulwaris sọ, ohun tí gbogbo wọn sọ. Wíìlì tó dún. Ihò tí kì í kún. Mo ń retí kó fi mí rẹ́rìn-ín, tàbí kó bú mi. Kò ṣe ìkankan. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó tì mí.

"Àìsàn yìí máa ń gbé gbogbo omi inú ara lọ ni," ó wí. "Ẹni tó bá mú gbọ́dọ̀ béèrè omi. Èyí tó mọ orúkọ rẹ̀ ni yóò béèrè. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe omi Nabeelah. Ihò tí ẹ sọ yẹn, ilẹ̀ ẹ̀yìn kànga ti là. Ohun tí ẹ wẹ̀ kúrò lára òkú ń padà sínú omi tí alààyè ń mu. Ọmọ yín kò pe ẹnikẹ́ni."

Ara mi rọlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rántí.

"Dókítà. Ìyá ìyàwó Jímọ́ọ̀ ńkọ́?"

"Òun ló gbé àìsàn wá láti ibi tó ti wá. Òun ni àkọ́kọ́."

"Oko lẹ́yìn Òkè-Òyì ni wọ́n ti fi ọ̀kadà gbé e wá. Kò fẹsẹ̀ kan agboolé wa rí. Kò mọ ènìyàn mọ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kú. Òun náà béèrè omi Nabeelah. Ta ló sọ orúkọ rẹ̀ fún un?"

Dókítà wò mí. Màsúdát ń wo àwa méjèèjì.

"Mi ò mọ̀," ó wí. "Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Ó ní ọ́fíìsì lè wá fi àgádágodo ti kànga náà, àmọ́ òun mọ̀ pé kò ní pé ọjọ́ méjì tí wọn á fi já a, torí sàráà ni. Ó ní ẹnu mi nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Mo ní kó fún mi láyè dọ̀la. Ó ní, "Lónìí ni wọ́n máa fi omi yẹn sebẹ̀, Ìyá Nabeelah."

Lẹ́yìn ìrun Alásàrì, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kànga. Mo pè wọ́n. Wọ́n jáde, ìyàwó Jímọ́ọ̀ gbé korobá dání. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fa omi náà mọ́, pé inú rẹ̀ ni onígbáméjì wà.

Jímọ́ọ̀ ní, "Màámá, ta ló ń dí sàráà? Láádá ọmọ yín ni ẹ fẹ́ gé yẹn o. Dókítà tí kò ní abẹ́rẹ́ ló kì yín láyà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní omi náà mọ́ gaara, kí n wá wò ó. Ìyàwó Jímọ́ọ̀ ju rọ́bà sínú kànga. Mo gbọ́ ọ tó balẹ̀ nísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Kéé, kéé. Ó ti ṣe ẹnu bíi kó sọ Ọlọ́run kẹ́.

Mo ní, "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí Màsúdát ti ń mu píọ́wọ́tà."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. Mo wọlé, mo fa ọ̀rá gbogbo jáde lábẹ́ ibùsùn, mo dà wọ́n sílẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n pọ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé wọn kiri láàárín ẹsẹ̀ wa.

Ohùn kan wá láti ẹnu ọ̀nà ilé kẹta. Ìyàwó Abdulwaris ni. Kò ré ìloro kọjá, torí opó rẹ̀, àmọ́ ó ti dìde dúró, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ rà á fún Màsúdát," ó wí. "Ẹ jókòó ní fèrèsé yín. Ẹ ń wo ọkọ èmi àti àwọn ọmọ mi."

Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó ra èyí àkọ́kọ́, àmọ́ mi ò sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ méjì dùbúlẹ̀ lẹ́yìn náà, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ohun tó sọ kò ní àtúnṣe. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, nínú ọ̀rá, mo kúnlẹ̀ fún obìnrin tí mo lè bí lọ́mọ. Kò sọ pé kí n dìde.

Jímọ́ọ̀ ló lọ mú ọ̀bẹ. Ó fi lé mi lọ́wọ́, kò wo ojú mi. Mo gé okùn náà fúnra mi. Rọ́bà bọ́ padà sínú kànga pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Mo tẹ́tí kí n gbọ́ bó ṣe máa dún nísàlẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́ tàbí ẹ má gbà mí gbọ́, mi ò gbọ́ ọ kó balẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Jímọ́ọ̀ da kọnkéré bo ẹnu kànga. Ó dí ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ wíìlì kúrò. Ọ́fíìsì gbé táńkì omi wá sí ẹnu títì, wọ́n ń da oògùn funfun sí i. Alífáà gbà pẹ̀lú Dókítà, wọ́n sọ bí a ó ṣe máa wẹ òkú àti ibi tí omi rẹ̀ yóò máa lọ. Dókítà gbé ìwé méje tuntun fún mi, ó ní kí n kọ wọ́n bó ṣe yẹ kí n ti kọ wọ́n. Ó jókòó níwájú mi. Omi wo ni olóògbé mu? Omi Nabeelah. Mo ṣí ìwé kejì. Omi Nabeelah. Mo kọ orúkọ ọmọ mi nígbà méje, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òkú méje. Lábẹ́ ti ìyá ìyàwó Jímọ́ọ̀, mo kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó sọ orúkọ omi náà fún un. Mo ti béèrè lọ́wọ́ Jímọ́ọ̀. Ó ní, "Màámá, a kàn gbé e lé ẹní ni. Ta ló ní àyè láti máa sọ ìtàn kànga?" Ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo rò pé Dókítà máa lé mi kúrò. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó dá a padà. Ó ní ẹni tó ti purọ́ lórí ìwé rí tó sì mọ ohun tó fà, etí rẹ̀ á máa là sí irọ́ àwọn ẹlòmíràn. Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni.

Àìsàn náà dúró. Kò sí ẹni tó tún dùbúlẹ̀. Akínwálé fi àwòrán hàn mí, kò sí àmì tuntun. Agboolé wa dákẹ́ báyìí. Wọ́n ń gba iwájú ilé mi lọ pọn omi ní títì, wọ́n ń kí mi, wọn kì í dúró. Kò sí ẹni tó ń sọ Ọlọ́run kẹ́ mọ́. Èmi ni mo ń sọ ọ́, lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà mìíràn lẹ́yìn Àílà, bí gbogbo ilé bá ti pa rọ́rọ́, mo máa ń gbọ́ kéé. Mo sì mọ̀ pé wíìlì náà wà nínú àpò sìmẹ́ńtì ní ilé Jímọ́ọ̀. Mi ò jáde lọ wò ó mọ́.

Ọjọ́ Àlàmísì, lọ́wọ́ ọ̀sán, Màsúdát ti ibi eré wọlé. Ó ní, "Màámá, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Mo já ẹnu píọ́wọ́tà, mo fún un. Ó gbé e dání. Ó wò ó.

Ó ní, "Kì í ṣe èyí."

Mo fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, kò gbóná. Mo tẹ inú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo ń rìn ín ní ìgáàkẹ́. Mo bi í bóyá ó yàgbẹ́, ó ní rárá. Mo bi í pé èwo ló fẹ́, ó gbé èjìká sókè, ó mu píọ́wọ́tà náà tán, ó sì tún jáde lọ. Ọmọ tó ti ń mu omi kànga láti kékeré ni, adùn rẹ̀ lè máa wù ú. Ohun tí Dókítà sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn. Ó ní kí n po omi iyọ̀ àti ṣúgà sílẹ̀, kí n má ṣe dá ara mi láyà já, kí n sì máa ṣọ́ ọ. Ó sì béèrè aago tó sọ ọ́, mo gbọ́ tó ń kọ ọ́.

Ọjọ́ kìíní kọjá. Ọjọ́ kejì kọjá. Òní ló pé mẹ́ta. Ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fo okùn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí kọnkéré tí a fi bo ẹnu kànga, torí ibẹ̀ ló tẹ́jú jù. Mo ti ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á kúrò, wọ́n á tún padà. Omi iyọ̀ àti ṣúgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú jọ́ọ̀gì. Mo ń kà á bó ṣe ń fò, mi ò sì tíì gbé ojú kúrò lára rẹ̀.